Àdúrà Orí Aṣọ Ìbùsùn

Ogún ọdún ni ìyá alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn. Bó bá ká ọ̀kan, á gbọ́wọ́ lé e: “Olúwa, wo ẹni tó máa sùn sórí ẹ̀ sàn.” Orí ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ ẹ̀ kú sí. Òun ń fọṣọ lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni lọ́dọ̀ bàbá náà.

Pásítọ̀ wá tù ú nínú. “Màmá, Ọlọ́run mọ ìdí ẹ̀.”

“Ó mọ̀ ọ́n, kò sọ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, ẹ má gbẹnu sọ fún Un.”

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà síbi iṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó ká aṣọ àkọ́kọ́, ó gbọ́wọ́ lé e, àmọ́ àdúrà àtijọ́ kọ̀, kò jáde. Ó mí kanlẹ̀.

“Olúwa, ohun tí O ṣe ò yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa sùn síbí, jọ̀ọ́, jókòó tì í.”