Àpótí Òtútù Nínú Yàrá Ìyá Wa

Omi tútù ni mo ń tà l'Ọ́jà'ba nígbà náà. Màá ra yìnyín, màá fọ́ ọ sínú báàfù, màá fi àpò kòkó bò ó kó má baà tètè yọ́, màá sì máa polówó títí oòrùn á fi rọ̀. Torí náà, nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi wọlé lọ́jọ́ kan tó ní òun ń wá òtútù, ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo ní ṣé èyí tó wà nínú báàfù mi ò tó o ni? Ó ní yìnyín tèmi gbóná jù. Èmi tí mo ń fi yìnyín jẹun! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Rédíò ni bọ̀ọ̀dá mi ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ, iṣẹ́ kì í sì í wà lójoojúmọ́. Ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ gbé rédíò tirẹ̀ wá fún àtúnṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọra. Ọ̀gá yìí sọ fún un pé àwọn máa ń so rédíò kékeré mọ́ bálúùnù ràgàjì kan, àwọn á jù ú sílẹ̀ kó máa gòkè lọ, rédíò náà á sì máa súfèé ránṣẹ́ sílẹ̀ káwọn lè mọ bí òkè ṣe rí. Ṣùgbọ́n òtútù tó wà lókè lọ́hùn-ún, ti yìnyín ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn rédíò náà ló sì ń yadi kó tó débẹ̀. Ó ní bí bọ̀ọ̀dá mi bá lè tún ọ̀kan ṣe, tó sì fi hàn òun pé òtútù ò pa á lóhùn mọ́, òun á gbà á síṣẹ́ oṣooṣù.

Iṣẹ́ oṣooṣù! Gbogbo agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣì ló gbọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ní owó oṣù àkọ́kọ́ tóun bá gbà, bẹ́ẹ̀dì onírin lòun máa fi ra fún Ìyá wa, torí ìbàdí ń dùn wọ́n, orí ẹní ni wọ́n sì ń sùn látọjọ́ tí wọ́n ti délé ọkọ. Ìyá ní àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn lókè bí ẹyẹ. Àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi rí i pé wọ́n ti sún àpótí aṣọ wọn kúrò lẹ́bàá ògiri, ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa gbà. 

Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gé orí garawa kẹrosíìnì kan kúrò, ó gbé e sínú àpótí pákó tí wọ́n fi ń kó ọṣẹ, ó wá fi òwú àràbà ki àárín àwọn méjèèjì pinpin. Kúbùsù gbígbó ló ká ṣe ìdérí. Yìnyín tó fẹ́ lò, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe áásìkirímù l'Ókè Bọ́lá ló ti rí i. Yìnyín yẹn kì í yọ́ domi rárá, èéfín ló ń dà, èéfín náà sì ń ṣàn wálẹ̀ dípò kó gòkè. Bó o bá fọwọ́ kàn án, á bó ọ lára bí iná. Ó bà mí lẹ́rù, kí n má purọ́. Ó ní yàrá tó tutù tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ lòun nílò, kí yìnyín náà má baà tètè tán. Yàrá Ìyá ló tutù jù nílé wa, ògiri alámọ̀ tó nípọn, kò ní fèrèsé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá lọ sí Òjé. Bọ̀ọ̀dá mi da yìnyín náà sínú garawa, ó ki rédíò kékeré tí ọ̀gá yẹn fún un sí i, ó gbé àpótí náà ka orí tábìlì nínú yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀. Adìyẹ Ìyá kan ń sàba nínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tábìlì yẹn. Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ó ti kú sórí ẹyin rẹ̀. Kò sọ́gbẹ́, kò sẹ́jẹ̀. Ìyá ní àrùn lúkúlúkú ni. Mo ní lúkúlúkú wo, tí àwọn adìyẹ tó kù ń jẹ̀ kiri àgbàlá? Mo ní òtútù ló pa á. Bọ̀ọ̀dá mi gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó rò ó kọjá ibẹ̀. Rédíò náà kúkú yadi lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló sì dun bọ̀ọ̀dá mi ju ti adìyẹ lọ.

Ó tú u palẹ̀, ó tún un tò, ó fi ìda dí àwọn ojú ibi kan. Nígbà tó fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ fún Ìyá pé kí wọ́n má wọ yàrá náà títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí òtútù, kí wọ́n lọ sùn ní yàrá tèmi. Ìyá ní ó dáa. Ìyá wa kì í jiyàn. Wọ́n á ní ó dáa, wọn á sì ṣe ohun tó wù wọ́n.

Nígbà tí mo tọjà dé, bọ̀ọ̀dá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò mìíràn lórí itan, ó nawọ́ sí mi pé kí n má pariwo. Mo tẹ́tí. Ohùn tín-ín-rín kan ń súfèé nínú rédíò náà, kò dákẹ́, kò gbọ̀n. Ti inú garawa ló ń bá ti ìta sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé pé jọ, wọ́n ń bá a yọ̀, wọ́n ti ń pè é ní ọ̀gá. Ẹ̀rín kún ẹnu bọ̀ọ̀dá mi, omi sì wà lójú rẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

“Lọ jí Ìyá,” ó ní. “Kí wọ́n wá fetí ara wọn gbọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.”

Mo dé yàrá mi. Ẹní mi ṣì wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí mo ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀.

Ìbàdí Ìyá ò gba ẹní ẹlòmíràn. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi lọ gbé rédíò kejì wá láti Bẹẹrẹ ni wọ́n kírun Àílà ọ̀sán tán tí wọ́n wọlé sínú yàrá wọn. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn padà láti inú, kí wọ́n má baà ba iṣẹ́ ọmọ wọn jẹ́. Nígbà tá a ṣí ilẹ̀kùn, kúbùsù méjì la bá lára wọn, wọ́n fà á dé ọrùn nítorí òtútù. Wọ́n dà bí ẹni tó ń sùn. Rédíò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ń súfèé nígbà tá a ń gbé wọn jáde, kò sẹ́ni tó rántí pa á.

A sin wọ́n kó tó di Mọ̀gáríbì. Àwọn èèyàn ní ikú ìrọ̀rùn ni wọ́n kú, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, àlùjánńà ni ilé wọn. Mò ń ṣe àmín, inú ń bí mi.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ yẹn wá kí wa. A sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní kì í ṣe òtútù. Ó ní èéfín yìnyín yẹn ò ṣeé mí, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ó ní òun ò mọ̀ pé yàrá tí èèyàn ń sùn ni wọ́n gbé e sí, òun ì bá ti sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tá a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó lọ ra yìnyín náà wá, ó gbé e sínú yàrá, ó tilẹ̀kùn bíi tàtijọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a ṣí i, ó gbé àtùpà wọlé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ń jó. Ó wá rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó ṣe kọjá orúnkún rẹ̀, iná náà kú. Ó tún un tàn, ó tún sọ̀ ọ́. Ó kú níbì kan náà. Nígbà tó fẹ́ tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i ni mo wọ́ ọ jáde lápá. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ adìyẹ yé wa. Ìgbẹ̀yìn ní ń yé olókùú àdá.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Mi ò bá a jà. Kí ni mo fẹ́ sọ tí kò tíì sọ fún ara rẹ̀? Àmọ́ inú bí mi sí i, ó sì ń bí mi títí dòní.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Lópin oṣù, ọmọlanke kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, bẹ́ẹ̀dì onírin ló wà lórí rẹ̀. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun gbé e. Ó tò ó fúnra rẹ̀ sí àyè tí Ìyá ti sún àpótí aṣọ kúrò. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń wò ó. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó wo ibi tó dé lára ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe wo ibi tí àtùpà ti kú.

“Ó ga ju orúnkún lọ,” ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.