Obìnrin Ubeji Tí Fíìmù Dá Lẹ́bi

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fọ ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú pálọ̀ mi ní Ubeji, lẹ́bàá Warri, níwájú èèyàn tó tó ogójì, èmi Ìyá Wọlé ni mo na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n tí mo ní, "Ẹ wò ó, ọkọ Ìyá Ẹ̀bùn nìyí." Bẹ́ẹ̀, mi ò fojú kan ọkọ Ìyá Ẹ̀bùn rí láyé mi.

Mojọlá ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀bùn là ń pè é. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun níbi tí àwọn ará Oǹdó ti ń pẹja. Ẹja ló ń yan tà. Ilé rẹ̀ wà létí omi, kò jìnnà sí rìfáínárì tí wọ́n ti ń fọ epo, èéfín kì í sì í dá lẹ́yìn ilé náà láàárọ̀. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì lágídí. Bí o bá ná ẹja rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á dá a padà sínú agbọ̀n, á sì máa wo omi bí ẹni pé o ti lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, á rọra gbé Ìlàjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí èmi ará Ọ̀yọ́ lè gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbọ́ èdè méjèèjì, àmọ́ Pijin ló fi ń dá wa lóhùn bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Warri.

Ọkọ̀ ojú omi ni Akínyẹlé, ọkọ rẹ̀, ń wà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Babátúnjí ni wọ́n jọ ra ọkọ̀ náà àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n sì ń fi í kó àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1971, Akínyẹlé jẹun àárọ̀ tán, ó jáde nílé, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí lórí omi. Ọgbẹ́ wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú Babátúnjí, wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹlẹ́rìí. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà lára ọkọ̀, ó tà á, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ẹ̀bùn nígbà náà.

Èmi ò sí níbẹ̀. Ọdún karùn-ún lẹ́yìn ikú yẹn ni wọ́n gbé ọkọ mi wá láti Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ rìfáínárì. Owó Udoji, àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí ìjọba san fún ọkọ mi, la fi ra tẹlifíṣọ̀n, onílẹ̀kùn tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ní àdúgbò wa, kò sí irú rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, wọ́n máa ń fi eré ọ̀daràn kan hàn tí à ń pè ní Case Never Finish. Sájẹ́ǹtì kan tó sanra ló máa ń wá ọ̀daràn rí, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ó sì máa ń tẹjú mọ́ wa, á ní, "This one happen true true." Pálọ̀ mi á kún, ojú fèrèsé á kún, èmi náà á wá máa yan káàkiri bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ní Ẹtì kan ní ọdún 1977, wọ́n ṣe eré awakọ̀ ojú omi kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ní ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rẹ́ náà fi àjẹ̀ lù ú ní ìpàkọ́, ó sì tì í sómi. Ibẹ̀ ni mo ti na ọwọ́. Ìyá Ẹ̀bùn, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Òun ni. Ọlọ́run ti gbèjà wa."

Láti ọjọ́ yẹn, ìtàn náà di tirẹ̀. Alàgbà Akínsànmí, tó jẹ́ olórí ìjọ wa, pè é jáde láti jẹ́rìí pé ohun tí ọlọ́pàá kò lè sọ, tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́. Obìnrin tó ti ń tẹrí ba láti ọdún mẹ́fà wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé orí sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni láti ilé tẹlifíṣọ̀n tó wá sí Ubeji wá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa, a kò sì tú u wò.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Owó epo ti wọ gbogbo nǹkan, ó wá wọ eré náà pẹ̀lú. Àwọn tó ṣe Case Never Finish sọ ọ́ di fíìmù ńlá, aláwọ̀ mèremère, ìtàn awakọ̀ ojú omi yẹn gan-an ni wọ́n sì mú nínú gbogbo ìtàn wọn. Wọ́n lẹ bébà rẹ̀ mọ́ ara ògiri láti Effurun dé Aladja. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni, Wetin TV Hide, Film Go Show. Nígbà tí mo rí i, inú mi ò dùn sí i, mi ò sì mọ ìdí.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ wò ó ní ilé sinimá ní Warri. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló pa awakọ̀ mọ́, ìyàwó ni. Nítorí pé gbogbo ayé ti mọ òpin ti àkọ́kọ́, wọ́n yí i padà. Ìyàwó bu nǹkan sínú ọbẹ̀ ẹja láàárọ̀, ojú ọkọ ṣú lójú omi, ó ṣubú, ó forí gbá etí ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n lásán. Ní ìparí, wọ́n fi ojú ìyàwó hàn ní títóbi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí eré ni. Ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ìyá Wọlé, ìwọ lo sọ pé kì í ṣe eré."

Kí oṣù tó parí, Ubeji ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ti tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ jáde, òun náà ni òótọ́, pé owó ni àwọn onífíìmù ń wá. Àwọn kejì, tí wọ́n sì pọ̀ jù, ní ẹnì kan kì í ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí irọ́, pé ó dájú pé wọ́n ti tún ẹjọ́ náà wádìí. Ọ̀gbẹ́ni kan létí omi tiẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn jẹ́ dúdú àti funfun, báwo ló ṣe fẹ́ hàn nínú rẹ̀ bí ọbẹ̀ bá yí àwọ̀ padà? Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ń pa á lówe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní eré ni méjèèjì, pé kò sí èyí tó kan Akínyẹlé nínú wọn. Àwọn nìkan lorí wọn pé, àwọn la ò sì gbọ́.

Ìyá Ẹ̀bùn jáde lọ bá wọn létí omi. Ó ní fíìmù yẹn kì í ṣe ìtàn ọkọ òun. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ta ẹja dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò tilẹ̀ bínú, "But na you tell us say na your husband story." Ìyá Ẹ̀bùn ru agbọ̀n rẹ̀, ó sì padà sílé. Ẹni tó ti gba ìtàn ní ọjọ́ tó dùn, kò rọrùn fún un láti kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tó korò.

Ẹja rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kù sílẹ̀. Nígbà ìkórè, tí àwọn obìnrin ìjọ máa ń pín oúnjẹ sísè láàárín ara wọn, wọ́n fò ó dá. Alàgbà Akínsànmí ní kó lọ sinmi ní ọdún yìí, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Kí n má parọ́, èmi náà ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, mo wé e sínú bébà, mo gbé e sẹ́yìn ilé títí ó fi jẹrà. Mo sọ fún un pé ó dùn. Ojú ń tì mí títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Babátúnjí padà dé. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Ó wọ aṣọ léèsì, wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú bí ẹni tí ayé fìyà jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba ojú omi kọjá lẹ́yìn ilé Ìyá Ẹ̀bùn nínú ọkọ̀ tuntun. Ó ní kí awakọ̀ dẹwọ́, ó bọ́ fìlà, ó sì fi júwọ́ sí i. Inú ilé ìyanja ni mo wà pẹ̀lú Ìyá Ẹ̀bùn. Ẹja já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iná. Mo wo ojú ọkùnrin yẹn, mo sì gbà ní ọjọ́ náà pé ti tẹlifíṣọ̀n ni òótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń bi mí?

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ẹ̀bùn bẹ̀ mí. Ó ní kí gbogbo ayé lọ wo fíìmù náà, kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun ti gbà. "Ẹ̀bùn nìkan ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ. Ó ṣì gbà mí gbọ́." Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí pé n ò ní jẹ́ kó lọ. Ẹ̀bùn ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ti jà ní ilé ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí ìyá rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò mú un lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ, ní ọ̀sán Sátidé kan. Ohun tó sọ fún Wọlé ọmọ mi ni pé, "How I go take fight wetin I never see?" Wọlé wá sọ fún mi nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Mo rò pé á pariwo. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dá iná, ó ro pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí àwọn Ìlàjẹ ń jẹ, ó se ọbẹ̀ ẹja, ó sì bu ti ọmọ rẹ̀ sínú àwo. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó se nǹkan mìíràn, kó se ẹ̀wà, kó se ìrẹsì, ohunkóhun tí kì í ṣe ẹja. Ẹnu mi ò gbà á.

Ẹ̀bùn dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó kí mi, ó kí ìyá rẹ̀, kò sì bọ́ bàtà. Ìyá rẹ̀ ní kó wá jẹun. Ó ní òun ti yó. A mọ̀ pé kò lówó tí ó fi jẹun níta. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní fíìmù lásán ni. Ó ń fi àtàmpàkò ha ara òpó ilé. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè, láìwo ojú ẹnikẹ́ni:

"Mama, that morning, wetin Papa chop before e comot?"

Ìyá Ẹ̀bùn lè parọ́. Ì bá ṣe èmi ni, ẹ̀kọ ni mo máa sọ.

Ó ní, "Pupuru àti ọbẹ̀ ẹja ni. Ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ jọ jẹ ẹ́, nínú àwo kan ṣoṣo. Orí itan rẹ̀ lo jókòó sí. Bí mo bá fi nǹkan sí i, ìwọ náà ì bá ti kú, Ẹ̀bùn. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi."

Ọmọ náà di ojú rẹ̀. Ó ń wá a. Mo rí i pé tọkàntọkàn ló ń wá a, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń wá àwo náà àti itan bàbá rẹ̀ àti òwúrọ̀ náà. Nígbà tó la ojú, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "I no remember. I dey try, Mama. Na only the film I dey see."

Ìyá Ẹ̀bùn fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bu òkèlè kan, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Mo rò pé Ẹ̀bùn á sunkún, tàbí pé á jókòó, á na ọwọ́ sínú àwo. Kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń wo ọ̀fun ìyá rẹ̀ bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì, ó sì ń dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i.