Ègbè Tí Ẹnu Kíkún Lè Gbè

Mùsùlùmí ń fi Kùránì búra, Onígbàgbọ́ ń fi Bíbélì búra. Ní ti ìtàn olóògbé Àbídì Elégbè yìí, méjèèjì ni mo fi búra, mo sì fi eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi lé e: òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo Ìkirè mọ̀, ìyẹn ọjọ́ ìgbéyàwó Kamilah, ọmọ Alájì Gàrúbà. Sàídì, olórin Ìkirè, ló ń lé orin lọ́jọ́ náà. Lílé ni ti Sàídì, ègbè ni ti Àbídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Apòmù. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Sàídì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ègbè tuntun kan tó gùn bí ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu. Bó ṣe lé e tán, tí àwọn elégbè fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, Àbídì wọlé pẹ̀lú abọ́ dòdò Ìkirè, àwọn dúdú minimini tí epo ń kán lára wọn. Ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ elégbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́nu.

"Ó yá, ẹ gbè é."

Ọ̀kan ń húkọ́, ata gba imú èkejì, àwọn yòókù ń wá omi kiri.

"Àbídì, ṣé o fẹ́ pa àwọn olórin mi ni?" Alájì Gàrúbà bi í.

"Rárá o, Alájì. Orin yẹn ni mo fẹ́ pa, kó tó pa àwọn àlejò yín."

Kì í ṣe ìkà, ìdánwò ni. "Ta ló ń gbe orin níbi ìnáwó?" Bó ṣe máa ń bi Sàídì nìyẹn. "Ṣé ìwọ ni? Ìwọ ń lé e. Ẹni tó ń jẹun ló ń gbè é. Ègbè tí ẹnu kíkún ò bá lè gbè, ìwọ nìkan lo ni ín."

Bí ègbè bá kọ́kọ́ wá sí i lórí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n dànù bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, títí á fi ku mẹ́ta. Nígbà kan tó tún fẹ́ yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, Sàídì dì í lọ́wọ́ mú. "Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sílẹ̀, káwọn èèyàn lè mọ̀ pé orin ni."

Raliat, ìyàwó Àbídì, kò fẹ́ràn orin rárá, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi fi í ṣe òṣùwọ̀n. Bí obìnrin náà bá ń bó ẹ̀gúsí, Àbídì á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á kọ ègbè tuntun lẹ́ẹ̀kan péré, á lọ lúgọ sábẹ́ fèrèsé. Bí Raliat bá bi í pé, "Kí lẹ wí?", ègbè ti kú nìyẹn. Bó bá gbà á sẹ́nu láìmọ̀, ó ti jinná.

Ọjọ́ tí Raliat já ọgbọ́n yìí, ó ní òun ò ní kọrin mọ́ láyé òun. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ló fi panu mọ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún, Sàídì wà níbẹ̀ nígbà tí Raliat ń bọ̀ láti ilé ìdáná, tí orin ń yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Ikhlas," Àbídì wí, "orin lò ń kọ yẹn."

"Mi ò kọrin. Mo ń mí ni."

Àbídì yíjú sí Sàídì. "Ṣó o gbọ́? Tí ègbè bá ti di èémí, iṣẹ́ parí."

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Adémúyìwá, tó ń gba orin Sàídì sílẹ̀, sọ pé ègbè Àbídì ti kúrú jù. Sàídì bá to orúkọ àwọn ẹni ńlá mẹ́sàn-án sínú rẹ̀. Ní gáràjì Ìkirè, níṣojú àwọn awakọ̀, ni Àbídì ti gbọ́ ọ.

"Sàídì, ta ni yóò máa gbe èyí?"

"Èèyàn pàtàkì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀."

"Ó dáa. Àwọn mẹ́sàn-án náà ni yóò máa gbè é. Bí ọ̀kan bá kú, ó ku mẹ́jọ."

Àwọn awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló gún Sàídì lọ́kàn, tó fi sọ ohun tí kò yẹ kó sọ: "Elégbè lásán ni ọ́. Orin ò ní kú tí o ò bá wá." Àbídì, tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wọ ọkọ̀ Apòmù, ó lọ.

Apòmù ò jìnnà sí Ìkirè. Bí èèyàn bá sín ní Ìkirè, ará Apòmù á ní "pẹ̀lẹ́". Síbẹ̀, odidi ọdún méjì ni Sàídì ò fi rin ọ̀nà náà. Ó ń kọrin kiri. Bó bá lé e, tó dákẹ́ kí wọ́n gbè é, àwọn àlejò á máa jẹun lọ ní tiwọn. Ó mọ ohun tó sọnù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọdún Iléyá, Àbídì tó ti wà lórí àìsàn ránṣẹ́ sí i: "Mo ti rí ègbè kan, a ò rí irú rẹ̀ rí. Mú lílé wá." Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Sàídì ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló fi ń wá lílé tí yóò yẹ irú ègbè bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀la kí wọ́n pa àgbò, Àbídì kú.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Sàídì lọ lóṣòó ti Raliat.

"Ìyá Ikhlas, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ègbè yẹn?"

"Kò sí ègbè kankan, Bàbá Mùnírátù. Mo bi í. Ó ní irọ́ lòun pa."

"Irọ́ kẹ̀?"

"Ó ní bóun bá ní kẹ́ ẹ wá kí òun, ìtìjú ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orin, ẹ ó wá."

"Kí ló wá ní kí n mú lílé wá ṣe?"

"Kẹ́ ẹ má baà wá lọ́wọ́ òfo ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Raliat, tòun ti omijé. Sàídì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn àáfà fi ń bojú wo ẹ̀yìn.

Ohun kékeré kan wà tí mo fi sí i. Raliat rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Sàídì ò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò. Èmi ni mo fún un ní ẹ̀rín yẹn, nítorí mo mọ̀ pé ká ní Àbídì ló ń sọ ìtàn yìí, yóò fún un.