Bí A Ṣe Kágò Lẹ́nu Ọ̀nà Ọkọ̀ Oníjígí

Bàbá Ràímì, tó kọ́ mi níṣẹ́ wíwa yanrìn, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn Ọkọ̀ Oníjígí fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní Ọ̀jọ́ ni. Láti Ìbà ni mo ti fẹsẹ̀ rìn wá, mo ru ẹrù aṣọ mi lórí, mo sì rò pé wọ́n á kọ́kọ́ fún mi ní oúnjẹ. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ní kí n bọ́ sí. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, wọ́n ri ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀ nínú omi, wọ́n gbé garawa lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Di ọ̀pá yìí mú, kí o máa tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Tí o bá dé ilẹ̀, bu yanrìn sí garawa, kí o tọ ọ̀pá padà wá. Má la ojú o. Ojú kì í ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ ni kí o máa fi wò."

Mo lọ, mo bọ̀. Garawa mi ṣófo, ikùn mi ló kún. Bàbá wo inú garawa, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Làmídì, yanrìn ni mo ní kí o bù wá, mi ò rán ọ lómi." Ibi tí mo ti ń pọ omi yẹn jáde ni wọ́n ti nawọ́ sí ibì kan tí omi ti dúdú ju ibi yòókù lọ, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Wọ́n ní nígbà ayé bàbá àwọn, ọkọ̀ eléèéfín òyìnbó kan tó ń ti Èkó lọ sí Àjàṣẹ́ rì sínú ibú yẹn tẹrùtẹrù. Kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, ọkọ̀ nìkan ló bómi lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wọn mú òkúta tó máa fà á rì dání, ó wọ ibú náà lọ. Nígbà tó jáde, ó ní jígí ló kún inú ọkọ̀ náà, òun rí funfun rẹ̀ tó ń dán, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ojú ara òun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìdílé wọn ní Oníjígí. Ìyá Bàbá Ràímì ṣì wà láyé nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ní àràárọ̀ ló máa ń fi oríkì jí ọmọ rẹ̀ tó ti di baba àgbà: "Ràímì, ọmọ oníjígí inú ibú, tí ẹja ń wo ojú ara wọn nílé bàbá rẹ̀!"

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ọkọ̀ yìí láti Ọ̀jọ́ títí dé Àgbádárìgì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tún wọ ibẹ̀ lọ. Ibú náà jìn ju ọ̀pá wa lọ, àti pé ìtàn tó bá ti dùn, ta ló fẹ́ lọ yẹ ìdí ẹ̀ wò? Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà á, Bàbá Jọ́ọ̀jì tó ń ran àwọ̀n, ẹgbẹ́ Bàbá Ràímì láti kékeré. Tí wọ́n bá ti jókòó pọ̀ báyìí, Bàbá Jọ́ọ̀jì á ní, "Jígí kọ́, díńgí kọ́. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ló kún inú ọkọ̀ yẹn. Bàbá tèmi ló gbé àgbá rẹ̀ sọ́kọ̀ l'Ékòó. Ràímì, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ inú ibú!" Bàbá Ràímì tí kì í fi ìrun márùn-ún ṣeré á bínú débi pé wọn ò ní lè sọ̀rọ̀.

Ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé dé. Akọ̀wé ni ní èbúté Apápá. Atukọ̀ òyìnbó kan tó ń lọ sílé ló ta irinṣẹ́ ìwọ̀mi fún un: irin méjì tó rí bí ìgò ńlá tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ mọ́ nínú, rọ́bà tí wọ́n ń gé mọ́ ẹnu láti máa mí, awò tó bo ojú àti imú, àti bàtà rọ́bà méjì tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní Ọkọ̀ Oníjígí lòun fẹ́ lọ wò, ká bá òun ṣètò rẹ̀.

Bàbá Jọ́ọ̀jì pàtẹ́wọ́. "Ó tó àkókò! Ràímì, àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Bàbá Ràímì ní, "Ẹ̀rù kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣètò."

Ètò tí akọ̀wé rò pé a ó parí kí oòrùn tó kàtàrí, Sátidé lórí Sátidé ló fi ń wá sí Ọ̀jọ́ nítorí rẹ̀. Bàtà ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀.

Bàbá Ràímì gbé ọ̀kan sókè. "Èyí ńkọ́?"

"Bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ ni, Bàbá."

"Ẹ fẹ́ wọ bàtà wọ ilé onílé?"

"Ọkọ̀ ni, Bàbá. Kì í ṣe ilé."

"Ṣé kò nílẹ̀kùn ni?"

Akọ̀wé ní ó ní. Bàbá ní ohun tó bá ti nílẹ̀kùn, ilé ni. A fà á títí, a wá fẹnu kò pé kó wọ bàtà náà dé ẹnu ọ̀nà, kó bọ́ ọ níbẹ̀, kó tó wọlé. Àgò ló tún kàn. Bàbá ní ọmọlúwàbí kì í já wọ ilé láìkágò. Akọ̀wé fi rọ́bà há ẹnu, ó gbìyànjú ẹ̀, ohun tó jáde dà bí igbe ewúrẹ́.

Ó yọ rọ́bà. "Bàbá, gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà ló jáde. Ta la fẹ́ kágò fún?"

"Ilé tí kò sí ènìyàn ló yẹ ká kágò jù! Tẹ́nì kan bá bá yín níbẹ̀, olè ló máa pè yín." Wọ́n yíjú sí mi. "Làmídì ò ní rọ́bà lẹ́nu. Òun ló máa bá yín kágò."

Bí mo ṣe di alágò nìyẹn. Ìkíni ló tún kù. Ṣé ẹ káàárọ̀ ni àbí ẹ káàsán? Bàbá Ràímì ní ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ náà rì, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ nínú rẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ló yẹ. Bàbá Jọ́ọ̀jì ní ìyàtọ̀ wo ni yóò mú wá, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ń dáhùn ìkíni ni? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde sí ara wọn.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, Bàbá Ràímì pè mí sẹ́yìn ilé. Ohùn wọn ti yí padà. "Làmídì, bí kò bá sí jígí níbẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ti Jọ́ọ̀jì ló ṣẹ, kí ni ìyá mi á máa fi jí mi?" Ẹ̀rín gbogbo ètò yẹn kúrò lójú mi.

Ọjọ́ pé. Àwọn èèyàn ti Òkókómàíkò wá wòran, wọ́n kún èbúté. A so okùn mọ́ akọ̀wé nídìí, mo gbé òkúta mọ́ àyà, àwa méjèèjì wọ ibú náà lọ. Omi ṣókùnkùn biribiri. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rí irin ọkọ̀ náà, ó tutù, ìdọ̀tí sì bò ó. Mo táràrà dé ẹnu ọ̀nà, mo gbá a gbọngbọn, mo la ẹnu, mo ké àgò. Ìfófòó ló jáde. Mo kí wọn kú ìrọ̀lẹ́, mo sì dúró díẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ pé akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, pé ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọlé. Èémí mi ti tán, mo bá ju òkúta nù, mo gbéra.

Ohun tí a kò rántí fi sí ètò wa ni pé rọ́bà máa ń léfòó. Bàtà méjèèjì ti ṣáájú mi dókè, wọ́n sì dé láìsí ẹni tó ni wọ́n. Nígbà tí orí mi yọ, orin ìsìnkú ni mo bá. Bàbá Jọ́ọ̀jì ló ń dá a, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́! Ó wà láàyè!"

"Láìsí ẹsẹ̀, Làmídì? Ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé nínú ọkọ̀ wa!"

Okùn fà lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà. A fà á sókè, akọ̀wé yọ tòun ti ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé àwo méjì mọ́ àyà, funfun báláú lábẹ́ ẹrẹ̀. Ó ní irú wọn kún yàrá ẹrù dé òkè àjà.

Bàbá Ràímì fọ ọ̀kan létí omi. Tánganran ni, ó jinnú, ó ní etí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n bu omi tó mọ́ sínú rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n pariwo, "Mo rí ojú mi! Jígí ni!"

Bàbá Jọ́ọ̀jì ní, "Jígí wo ló létí?"

"Kí wọ́n lè gbé e sún mọ́ ojú ni. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ dà?"

Akọ̀wé fà mí lápá sẹ́yìn ọkọ̀ kan. "Làmídì, ṣé o mọ ohun tí a kó wá yìí? Póò ni. Abẹ́ ibùsùn làwọn òyìnbó ń gbé e sí, kí wọ́n lè máa tọ̀ sínú rẹ̀ lóru."

"Ṣé ẹnì kankan ti lò ó ni?"

"Rárá, títun ni. Ṣùgbọ́n póò ni."

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

Kò tíì dá mi lóhùn tí wọ́n fi fa ìyá arúgbó náà lọ́wọ́ dé. Wọ́n gbé àwo náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún yíká, ó nù ún, ó tún nù ún. "Ó ń dán," ó ní, "ó ń dán bí ọkọ mi ṣe sọ." Ó bú sí oríkì, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n débi pé àwọn tó wá wòran káwọ́ lérí. Bàbá Ràímì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú yanrìn, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá náà wá gbé orí sókè. "Àlejò tó wọlé bàbá wa tó sì bọ́ bàtà, kò gbọdọ̀ jẹun nínú abọ́ lásán. Inú ìwọ̀nyí ni kí ẹ bu oúnjẹ sí fún un, òun àti Làmídì tó kágò."

Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀bà wá, wọ́n da ọbẹ̀ ẹja tó ń hó sínú àwo méjèèjì, ọ̀kan níwájú akọ̀wé, ọ̀kan níwájú mi. Gbogbo ojú wà lára wa. Akọ̀wé wo ọbẹ̀, ó wo Bàbá Ràímì, ó wo ìyá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó bu òkèlè, ó rì í sínú ọbẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó gbé e mì.

"Ìyá," ó ní, "mi ò jẹ irú ẹ̀ rí."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó wá yí etí rẹ̀ sọ́dọ̀ tèmi. "Làmídì ńkọ́? Mi ò gbọ́ kó gbé nǹkan mì."

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ ni wọ́n gbé e síwájú, tí ìyá yẹn ń dẹtí sí ọ̀fun rẹ, ṣé wàá bu òkèlè?