Tukiran àti Odó tí Ikán Jẹ

Ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Bantul, ọkùnrin kan wà tó ń rán ìjókòó alùpùpù, Tukiran lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ló ń jẹ ẹ́.

Bí ó bá ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, iwájú ẹ̀rọ náà ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ya àpótí kéékèèké sí ojú rẹ̀, tí yóò máa fi okùn so ọ̀kan mọ́ èkejì. Inú àpótí yìí ni ohùn ti ń jáde, tọ̀hún ń mú un dún bí igi, òmíràn ń gbé e sókè. Ó so okùn títí ojú kọ̀ǹpútà fi dà bí orí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò.

"Ọkọ mi ń kọ́lé," ni Lasmi ìyàwó rẹ̀ máa ń wí fún àwọn tó bá ń ra tempe, àkàrà ẹ̀wà sóyà, lọ́wọ́ rẹ̀. "Yàrá ibẹ̀ pọ̀ ju ti ààfin lọ. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ayálégbé."

Ohun tí Tukiran ń wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá rẹ̀, Mbah Ginah, wà lára àwọn obìnrin tó máa ń lu odó ìrẹsì nígbà ìkórè: odó gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú omi, tí wọn yóò tò yí ká, tí wọn yóò fi ọmọ odó lù títí yóò fi di orin. Ikán ti jẹ odó náà. Àwọn tó ń lù ú ti kú tán, ó ku Mbah Ginah, ojú rẹ̀ ò sì ríran mọ́. Tukiran fẹ́ kí ó gbọ́ ohùn odó náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí tó tẹ̀lé ojú.

Ó mọ ohùn ṣe. Kò mọ orin tò. Sumardi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣeré níbi ìgbéyàwó, ló mọ̀ ọ́n tò. Ètò inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ a máa to orin sí ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀, kí orin Sumardi máa pe odó Tukiran, kí odó sì máa jẹ́ ẹ. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa ka ìwọ̀n ìlù, kí èkejì máa tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ ò mọ ìtìjú. Ẹ sọ ẹni tó jẹ́ olórí fún un, ó parí.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò tí ì parí. Èèyàn méjì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí oníkálukú á máa ní kí ẹnìkejì kọ́kọ́ wọlé.

Nígbà tí wọ́n dán an wò, Sumardi ló ka ìwọ̀n, ó sì dùn. Àfi bí inúure ṣe gun Sumardi lówùúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún ìkórè. Ó rò ó pé odó ìyá Tukiran ni, Tukiran ló yẹ kó ṣáájú. Ó yí ẹ̀rọ tirẹ̀ kí ó máa tẹ̀lé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọlúàbí kì í kéde oore rẹ̀.

Lọ́sàn-án, abúlé pé. Mbah Ginah jókòó sórí ẹní níwájú. Olórí abúlé sọ̀rọ̀ títí tíì inú ife gbogbo wọn fi tutù, ó wá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Sumardi tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́nu.

Tukiran wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀: odó ń dúró de orin. Ó yọjú wo ti Sumardi: orin ń dúró de odó. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Àmọ́, ṣé kí ó sọ lójú gbogbo abúlé pé ẹ̀gbọ́n òun ló ṣì í ṣe ni? Àbí kí òun gba iwájú mọ́ àgbà lọ́wọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣáájú."

"Rárá o, ìwọ ni. Ọjọ́ ẹ lòní."

"Háà, ta ni mo jẹ́?"

"Mo ní kó o ṣáájú, jàre."

"Ẹ̀yìn yín ni màá wà, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ń tẹríba fún ara wọn bí alángbá méjì. Olórí abúlé wo aago, ó ṣẹ́jú sí ọmọbìnrin kan tó ń kọ orin ijó dangdut, tí ó ti pè láti abúlé kejì, bóyá nǹkan lè bà jẹ́. Ọmọbìnrin náà dìde, ó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. Bí ó bá fi lè bẹ̀rẹ̀, ó parí nìyẹn. Etí Mbah Ginah kò ní dúró de ìkórè mìíràn.

"Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" ni Mbah Ginah bèèrè.

"Wọ́n ń bẹ ara wọn, Màmá," ni Lasmi dáhùn. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣáájú."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Nígbà tiwa, ẹni tébi bá ń pa jù ló máa ń kọ́kọ́ lù ú."

Lasmi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọlúàbí! Ẹni tó bá ti yó kó jókòó!"

Tukiran wo ìyá rẹ̀. Ó fa okùn kan kúrò lára àpótí kan, ó so ó mọ́ òmíràn, ó sọ ara rẹ̀ di olórí níwájú àgbà, lọ́sàn-án gangan, ó sì tẹ̀ ẹ́. Odó dún. Orin Sumardi gbọ́ràn, ó tẹ̀lé e.

Mbah Ginah gbé orí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè sódò bí ẹni di ọmọ odó mú. Nígbà tí orin parí, ó fọwọ́ wá ilẹ̀ iwájú rẹ̀ kiri.

"Ó jọ ọ́," ni ó wí. "Ìrẹsì wá dà?"

Sumardi kò bínú. Àgbà kì í bínú lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ Tukiran lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń bá a sọ èdè tí a fi ń gba àlejò pàtàkì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ ò ní bínú tí mo bá ní kí ẹ fi tíì díẹ̀ kan ẹnu?" Kò sẹ́ni tí wọ́n tí ì fi ọ̀wọ̀ bú tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹbí náà.

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́," ni Lasmi wí. "Kí ẹ sì yí ẹ̀rọ yẹn padà sí bó ṣe wà."

Tukiran lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti súgà lọ, ó tẹríba títí iwájú orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni kò yí padà o: odó ló ṣì ń ṣáájú.