Ojú Tí Àwọn Onítẹ́tẹ́ Ń Sá Fún

Sàrátù kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀. Òrí ló ń tà ní Ṣakí, òrí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Á ṣa èso igi òrí nínú igbó, á gún un, á pò ó títí yóò fi funfun, á wá gbé igbá rẹ̀ kiri àdúgbò ní kùtùkùtù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Àmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí Sàrátù ṣẹ̀ ni pé ó máa ń kí èèyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní ọdún 1977, ó kí Gbádébọ̀ télọ̀ kú àárọ̀. Gbádébọ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù púùlù, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń sanwó lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa gbá nílùú òyìnbó. Ẹni tó bá mọ àwọn ẹgbẹ́ tí yóò ta ọ̀mì ló jẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé ìlú náà rí, púpọ̀ wọn ò lè pe orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀hún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ àríyànjiyàn wọn, ẹ ó rò pé àwọn ló bí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà.

Gbádébọ̀ ti múra sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò wẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, kí oríire má baà bá omi lọ. Bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ tó jẹ kẹ́yìn ló tún wọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, rédíò ka èsì, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sí i. Gbádébọ̀ jókòó, ó ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà wò. Kò sọ sí i lọ́kàn pé òun ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ìkíni Sàrátù ló rántí.

Kò pẹ́ tí gbogbo onítẹ́tẹ́ àdúgbò fi gbọ́ pé ojú ìyá yẹn kò sunwọ̀n láàárọ̀. Oníkálukú rántí pé òun náà pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun pàdánù. Òótọ́ ni. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé rẹ̀, gbogbo Sátidé ni wọ́n sì ń pàdánù. Ni wọ́n bá ń sá fún un. Ọ̀kan di ojú nígbà tó rí i lókèèrè, ó ṣubú sínú kòtò, àwọn yòókù ní ẹ ò rí i bí ojú náà ti lágbára tó. Àwọn mìíràn ń gba inú oko ọkà dé ṣọ́ọ̀bù, ìrì á sì ti rin wọ́n dé ìbàdí.

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàrátù. Ó ti ń ro àtikó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tí Mọ́ládé, ìyàwó Gbádébọ̀, gbé àgbàdo wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àmọ̀kẹ́, ẹ bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ Sátidé. Ẹ ṣáà kí ọkọ mi."

Sàrátù bínú. Ó bi í bóyá òun náà gbà pé olójú burúkú ni òun. Mọ́ládé ní òun ò gbà á, ọkọ òun ló gbà á, ìyẹn sì tó òun.

Ní Sátidé, bí Gbádébọ̀ ti ṣílẹ̀kùn, Sàrátù rẹ́rìn-ín sí i, ó sì kí i dáadáa. Gbádébọ̀ padà sídìí máṣíìnì, ó sì rán aṣọ tí oníbàárà ti ń bẹ̀ ẹ́ lé lórí láti Iléyá. Làwọn ìyàwó yòókù bá dìde. Ẹni tó gbé iṣu wá ń gbé iṣu, ẹni tó mú adìyẹ wá ń mú adìyẹ, Sàrátù sì ń kí àwọn ọkọ wọn láti ilé dé ilé. Oko di ríro, orúlé tó ń jò di títúnṣe.

Nígbà tó yá, Àmọ̀kẹ́ bímọ, ìyá rẹ̀ sì lọ sí Ìsẹ́yìn fún ìsọmọlórúkọ. Inú àwọn onítẹ́tẹ́ dùn. Wọ́n kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, títí kan owó òwú tí àwọn oníbàárà fún Gbádébọ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí gbogbo wọn fi pàdánù.

Gbádébọ̀ ló wá là wọ́n lójú. "Láti ìgbà tí Ìyá Àmọ̀kẹ́ ti ń kí wa lẹ́nu ọ̀nà, ta ló pàdánù nínú wa? Òní tí a ò rí i, ẹ wo bó ti rí. Àṣé ojú rẹ̀ ló ń kó wa yọ."

Kò sí ẹni tó rántí pé wọn ò ta tẹ́tẹ́ rárá ní gbogbo ìgbà tó ń kí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí Sàrátù dé, ó bá wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó kí àwọn. Sàrátù wọlé, ó gbé igbá òrí jáde. Ó ní ẹnu ti ń ro òun, ṣùgbọ́n òrí tí òun fọwọ́ kàn wà nínú igbá, títà sì ni. Wọ́n ra gbogbo rẹ̀, wọ́n fi pa ojú àti apá, wọ́n sì ń dán lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, òrí ń yọ́ sí wọn lọ́rùn. Wọ́n pàdánù. Wọ́n ní bóyá òrí náà ló kéré, wọ́n sì tún padà wá rà sí i.

Mọ́ládé kò bá Sàrátù sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sàrátù ní òun ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, òrí tó dára ni òun tà fún wọn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kan páànù tuntun sórí ilé rẹ̀.