Ìyá Oníyìnyín Nínú Ìgbìmọ̀ Ìlera

Kí n má parọ́, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yan Ìyá Oníyìnyín sínú ìgbìmọ̀ ìlera àdúgbò wa, inú mi ò dùn rárá. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Àwa méje la máa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti bójú tó ilé ìwòsàn kéékèèké márùn-ún, ká mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí wọn ò ní, àti ẹni tó yẹ kó máa darí wọn. Yìnyín ni màmá yìí ń tà fún àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn olómi tútù, látinú fírísà ńlá mẹ́rin tó wà níwájú ilé wọn. Ìyá Oníyìnyín ò kàwé. Nítorí náà, gbogbo ìwé tí àwa yòókù ń fojú wò fìrí, èmi ni mo ní láti kà á sókè láti orí dé ìdí.

"Akọ̀wé, kà á," ni wọ́n máa ń wí. "Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tétí mi ò gbọ́."

Ọ̀fun mi a gbẹ. Ìpàdé tí ì bá gba wákàtí kan, ó di mẹ́ta. Alága wa, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, á máa wo aago, èmi á máa bínú sínú. Kà-á-sókè ni mo tiẹ̀ ń pè wọ́n lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ẹ̀bá odò ni ojú tì mí. Àwọn ìyá ọmọ ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń dá àwọn padà láìfún ọmọ àwọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìròyìn oṣù náà sì burú fún un. Ọmọ mọ́kànlélógún péré ló fún lábẹ́rẹ́. Nínú àwọn ilé ìwòsàn mẹ́rin yòókù, kò sí èyí tí kò ju ọgọ́rin lọ. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgò oògùn méjìlélógójì ló bàjẹ́. Ẹnu wa ti fẹ́ẹ̀ kò pé kó máa lọ sílé. Mo ti tẹ lẹ́tà rẹ̀, ìfọwọ́sí alága ló kù. Nọ́ọ̀sì náà wà níta lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa okùn báàgì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Oníyìnyín ní, "Kà á."

"Màmá, mo ti kà á."

"Tirẹ̀ lo kà. Ka ti àwọn mẹ́rin yòókù."

Mo mí kanlẹ̀, mo kà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń kọ oògùn tó bàjẹ́ sí, ilé ìwòsàn kìíní kọ "kò sí". Èkejì, kò sí. Ẹ̀kẹta, kò sí. Ẹ̀kẹrin náà, kò sí.

Wọ́n kọjú sí alága. "Alága, ṣé ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tíná ò sí lóṣù yẹn?"

"Mo rántí, Màmá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, gbogbo ìlú."

"Fírísà mẹ́rin ni yìnyín mi ti domi, mo fi fọ ilẹ̀. Oògùn àwọn ọmọ yìí náà, ṣebí inú òtútù ni wọ́n ní kó máa wà? Àbí ẹ̀bá odò nìkan niná ti lọ ni?"

Kò sí jẹnẹrétọ̀ ní ìkankan nínú ilé ìwòsàn márààrún, gbogbo wa la sì mọ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ fún wa la fẹ́ lé. Àwọn mẹ́rin yòókù ti fi oògùn tó ti bàjẹ́ gún ọmọ ọlọ́mọ, torí wọ́n mọ̀ pé a ó fìyà jẹ ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú mú mi, mo sì fẹ́ràn màmá yẹn lọ́jọ́ náà débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n dì mọ́ wọn.

Alága fúnra wọn ló fa lẹ́tà náà ya. A lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta jẹ́wọ́, ìkẹrin kọ́kọ́ ṣagídí. A pe gbogbo àwọn ọmọ náà padà fún abẹ́rẹ́ mìíràn. Àwọn ìyá wọn bú wa, wọ́n sì jàre. A wá fi í ṣòfin pé kò sẹ́ni tó máa jìyà torí pé ó kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀.

Lóṣù kejì, nọ́ọ̀sì ẹ̀bá odò wá dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Oníyìnyín.

"Dìde, ọmọ mi, ó tó. Fíríìjì oògùn yẹn, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Nọ́ọ̀sì wo alága, ó wo èmi náà.

"Kò sẹ́nì kankan, mà," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí á máa yẹ̀ ẹ́ wò.